Josephine Bakhita

Josephine Bakhita (tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1869, tí ó sì di olóògbé ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1947) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sudan tí wọ́n jí gbé tà sí oko ẹrú nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì wá di Sístà nínú Ìjọ Kátólíìkì ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Ìlú Schio, ní àríwá Ítálì, ni ó darúgbó sí. Tọmọdé tàgbà ìlú náà ní ń pè é ní Madre Moretta, èyí tí ó túmọ̀ sí "Ìyá Aláwọ̀dúdú" ní ohùn ìkẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni Póòpù John Paul Kejì kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́.

Ìgbà èwe àti orúkọ rẹ̀

Abúlé Olgossa ní agbègbè Darfur ni wọ́n bí i sí, láàárín ẹ̀yà Daju. Ní nǹkan bí ọdún 1877, àwọn tí ń ṣòwò ẹrú jí i gbé, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lásán mú un rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ìlú El Obeid. Ìpayà tí ó bá a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jí ọmọ yìí gbé kò wo ilé kankan kí wọ́n tó fún un ní orúkọ mìíràn. Bakhita ni wọ́n pè é, ìyẹn "olóríire" ní èdè Lárúbáwá.

Ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni wọ́n tà á láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn. Ní ilé ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Turkey kan, wọ́n fi abẹ fín 114 àpá sí i lára, wọ́n sì fi iyọ̀ ra ojú ọgbẹ́ náà kí ó má baà parẹ́.

Bí ó ṣe gba òmìnira

Ní ọdún 1883, Callisto Legnani, aṣojú ìjọba Ítálì ní Khartoum, rà á. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó mú un lọ sí Ítálì, ó sì fi í fún ìdílé Michieli, níbi tí Bakhita ti di olùtọ́jú ọmọbìnrin wọn. Nígbà tí ìyá ọmọ náà ń padà lọ sí Sudan, ó fi àwọn méjèèjì sọ́dọ̀ àwọn Sístà Canossa ní ìlú Venice. Nígbà tí ó dé láti kó wọn, Bakhita kọ̀, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1889, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé òfin ilẹ̀ Ítálì kò fọwọ́ sí oko ẹrú, àti pé lójú òfin, Bakhita kò fìgbà kankan jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1890, wọ́n ṣe ìsàmì fún un. Lára àwọn orúkọ tí ó gbà ni Josephine àti Fortunata. Ìtumọ̀ kan náà ni Fortunata ní èdè Látìn àti Bakhita ní èdè Lárúbáwá ní. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí Sístà ní ọdún 1896.

Ìgbé ayé rẹ̀ ní Schio

Ọdún 1902 ni wọ́n rán an lọ sí Schio. Ó dáná, ó ránṣọ, ó tọ́jú ilé ìsìn, ṣùgbọ́n ipò aṣọ́nà ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń wọlé, a máa gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Èdè àdúgbò Venice ni ó ń bá wọn sọ. Ní ọdún 1931 ni Ida Zanolini tẹ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn yí Ítálì ká.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó ń jókòó sí. Ó máa ń sọ pé bí òun bá tún pàdé àwọn tí ó jí òun gbé, òun yóò kúnlẹ̀ fún wọn, nítorí nípasẹ̀ wọn ni òun fi di Kristẹni. Síbẹ̀, ìdáríjì kò pa ìrántí rẹ́. Nígbà tí ikú sún mọ́, tí iyè rẹ̀ ń ra, ó bẹ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ó dẹ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ òun, nítorí ó wúwo. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ẹ̀wọ̀n ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó kú, ọ̀pọ̀ èrò ya wá sí ilé àwọn Sístà láti wo ojú Madre Moretta fún ìgbà ìkẹyìn.

Ìrántí rẹ̀

Láti ọdún 2015 ni Ìjọ Kátólíìkì ti ń fi ọjọ́ 8 oṣù kejì, àyájọ́ ikú rẹ̀, gbàdúrà káàkiri àgbáyé fún àwọn tí wọ́n ń kó lọ tà. Ní Èkó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Bakhita Villa, ilé ààbò fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí irú òwò bẹ́ẹ̀ ti pa lára. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Olgossa.