Àṣírí Kọ́ Ni Gbogbo Ohun Àdáni: Àlàyé lórí Òfin Méjì ní Nàìjíríà

Bí Yorùbá bá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí òun, àìní tàbí àléébù tí kò fẹ́ kí ayé rí ló ní lọ́kàn. Nítorí náà, bí a bá túmọ̀ òfin ààbò dátà sí òfin tó ń bo àṣírí, a ti ṣi aráàlú lọ́nà. Ẹni tí kò fi ohunkóhun pamọ́ yóò rò pé òfin náà kò kan òun. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ohun tó ń fi pamọ́ yóò sì rò pé ó ti rí ibi sá sí. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé èrò méjèèjì kò tọ̀nà.

Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu Òfin Ààbò Dátà. Lójú òfin yìí, ìwífún àdáni ni ìwífún yòówù tí a lè fi dá ènìyàn kan pàtó mọ̀: orúkọ, ibùgbé, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe àṣírí. Ọ̀rẹ́ mọ̀ ọ́n, oníbàárà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹ wo ìṣe àwọn kan lára àwọn ayánilówó orí fóònù. Bí ẹni tó yáwó kò bá tètè san án, wọn a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, wọn a sì dójú tì í lọ́dọ̀ àna àti ọ̀gá rẹ̀. Kò sí àṣírí nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni wọ́n kò yọ̀ǹda wọn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀ òfin náà nìyí: ohun tí a gbà fún iṣẹ́ kan, a kò gbọdọ̀ fi ṣe òmíràn tí kò bá a mu. Ẹni tó ni ìwífún lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ní nípa òun, láti ní kí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀, àti láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ yìí lójú, ó lè fẹjọ́ sun Àjọ Ààbò Dátà, NDPC.

Òfin kejì kọjú sí ìjọba. Òun ni Òfin Òmìnira Ìwífún, FOI, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, olùbéèrè lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láàárín ọjọ́ 30. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Abala 14 òfin FOI ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé. Bí òbí kan bá béèrè iye tí ìjọba san fún agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n ní láti dá a lóhùn. Bó bá béèrè ìwé ìtọ́jú àìsàn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n lè kọ̀. Àmọ́ abala kan náà sọ pé, bí àǹfààní ará ìlú bá tẹ̀wọ̀n ju ààbò ẹnì kan lọ, kí wọ́n tú ìwífún náà síta.

Yorùbá ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ojú lè rí ohun àdáni láìjẹ́ pé ẹnu ní àṣẹ láti máa kà á káàkiri. Nítorí náà, a dábàá pé kí àwa olùkọ́ àti oníròyìn máa lo ‘ìwífún àdáni’ fún ohun tí òfin 2023 ń dáàbò bò, kí á sì fi ‘àṣírí’ sílẹ̀ fún àṣírí gan-an. Bí òṣìṣẹ́ bá wá sọ pé àṣírí ni iye owó kànga-dẹ̀rọ, aráàlú yóò lè bi í pé: ohun àdáni ta ni?