Sísọ Ẹ̀kọ́ di Ọjà àti Àwọn Obìnrin Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáárà
Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé ní ọdún 1986, agbára ìjọba lórí ẹ̀kọ́ dín kù, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sì ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé bí àyípadà náà ṣe kan obìnrin olùkọ́.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀
Àwọn tó fara mọ́ ètò yìí gbà pé bí òbí bá lè yan ilé-ẹ̀kọ́ bí ẹni ń yan ọjà, ìdíje yóò mú kí iṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ohun tí òbí bá san ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń ná. Ní ìlú bí Ìtagunmódì, níbi tí a ti ń wa wúrà, owó oko àti owó kùsà kì í wọlé lóṣooṣù. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá pẹ́, owó oṣù olùkọ́ ni yóò fara gbá a.

Ipa rẹ̀ lórí obìnrin
Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Òfin owó oṣù tó kéré jù ti ọdún 2019 yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Nítorí náà, ₦70,000 tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2024 kò de ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Bí olùkọ́ bá sì bímọ, àpò kan náà ni a ó ti san owó ìsinmi rẹ̀ àti owó adelé rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pàdánù iṣẹ́.

Abẹ́ ìjọba náà ní ìṣòro tirẹ̀: láàrin ọdún 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun kò gba owó oṣù wọn pé. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ẹgbẹ́ olùkọ́ lè bèèrè fún ni ìyẹn. Ta ni olùkọ́ aládàáni yóò ké sí?

Àgbálọgbábọ̀
A kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò wúlò. Àwọn ni wọ́n gba ọ̀pọ̀ tó gboyè NCE síṣẹ́ nígbà tí ìjọba kò gba ènìyàn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní níbi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ máa bèèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó sọ owó oṣù àti ìsinmi ìbímọ kí ó tó wọ kíláàsì. Ó sì yẹ kí ìjọba dí àlàfo tó wà nínú òfin náà.