OORU Ń GBA AFẸ́FẸ́ MỌ́ ẸJA LỌ́WỌ́! Ẹ̀yin Ẹlẹ́ja Adó-Èkìtì, Ẹ Gbọ́

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja Ọjà Ọba l'Adó, ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ kòtò ẹja sẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Ooru tó ń mú wa làágùn yìí ń mú ẹja náà nínú omi, ẹja ò sì ní abẹ̀bẹ̀.

Inú omi ni afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí wà. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń dín. Bí omi bá gbóná láti dígírì 20 dé 30, ìdá kan nínú mẹ́fà ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ooru yìí kan náà ló ń mú kí ẹja fẹ́ mí sí i. Ó dà bí ọjà tí èrè ń dín, tí owó ṣọ́ọ̀bù ń lé.

Àrọ̀ lè tiraka, á yọ orí sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì. Epìyà ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kódà, bí omi bá sún mọ́ dígírì 36 nígbà tí ọmọ epìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, èyí tó yẹ kó jẹ́ abo lè di akọ! Bí gbogbo ilé bá di akọ, ta ni yóò bímọ?

Ọjọ́ iwájú ń kọ́? Ní 2021, Valerio Barbarossa àtàwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ọ̀rọ̀ irú ẹja odò tó lé ní 11,000 káàkiri ayé. Bí ayé bá fi dígírì 1.5 gbóná ju ti àtijọ́ lọ, irú ẹja 4 nínú 100 ni ooru tàbí ìṣàn omi yóò kọjá ohun tí wọ́n mọ̀ rí, ní ibi tó lé ní ìdajì ibùgbé wọn. Bó bá dé 3.2, wọ́n di 36! Èéfín epo àti èédú tí ayé ń jó ni yóò sọ èyí tí a máa rí.

Omi Ureje l'Adó, dáàmù Ero àti ti Egbe, ayé kan náà ni wọ́n wà. Lẹ́ẹ̀rùn, omi tí kò jìn mọ́ ni oòrùn ń tètè mú gbóná.

Kí la lè ṣe? Ẹ má gé igi etí odò. Ẹ ta ìbòòji sórí kòtò ẹja. Ẹ má kó ẹja kún inú rẹ̀ jù, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ lọ́sàn-án gangan. Bí epìyà bá ń yanu lójú omi ní kùtùkùtù, afẹ́fẹ́ ló wọ́n wọn: ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pààrọ̀ omi kíá.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹja tó bá kú sódò ò lè dé orí àtẹ.