Ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún: ẹ bi ìyá ọkọ náà léèrè

Níbi tí àwọn aláboyún ti ń forúkọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) tó wà ní Ìdí-Àbà, ní Abẹ́òkúta, nọ́ọ̀sì á yẹ ìfúnpá wọn wò, á ní kí wọ́n tọ̀ sínú ike kékeré, á sì béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé. Ó rọrùn kí obìnrin ro ti ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan, kó dáhùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì. Ìdajì ìdáhùn nìyẹn, torí ìdílé méjì ló ni oyún, ewu tó ń bá a rìn náà sì lè ti ọ̀dọ̀ méjèèjì wá.

Bí ìfúnpá bá dé 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún, tí purotéènì sì ń bá ìtọ̀ jáde, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní pre-eclampsia ti dé. Ó lè yọrí sí gìrì, ó sì lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Ibi ọmọ lọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú ibi ọmọ, láti ara ohun tó di ọmọ ló ti hù, ìyẹn ni pé bàbá lọ́wọ́ nínú àbùdá rẹ̀ bíi ti ìyá. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ rí àmì ewu àìsàn yìí nínú àbùdá ọmọ, nítòsí jíìnì kan tó ń jẹ́ FLT1. Bí purotéènì tí ibi ọmọ ń ti ara jíìnì yìí ṣe bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sún kì, ìfúnpá á gòkè, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìwádìí kan ní Utah, ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn lọ́dún 2001 pé bí àìsàn yìí bá ṣe obìnrin nígbà tó lóyún ọmọkùnrin kan, ewu rẹ̀ fún aya ọmọ náà tó ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an, torí irú jíìnì APOL1 kan tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ àrùn oorun, àmọ́ tó lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́pọ̀ láàárín wa. Ìwádìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọmọ inú bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu ìyá máa ń pọ̀ sí i.

Àwọn kan á ní òtútù tàbí àròjù ló ń fa àìsàn yìí. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn gbọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Kò yani lẹ́nu: gìrì lojú ń rí, ojú kì í rí ìfúnpá tó ti ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ òtútù kò lè ṣàlàyé bí ohun tó ṣe ìyá ọkọ ṣe ń padà wá ṣe ìyàwó.

Àtakò tó wúwo jù ni pé bó bá jẹ́ àjogúnbá, àyànmọ́ kò gbóògùn, àti pé a ó kàn fi àbùkù kan ìdílé ẹni ẹlẹ́ni. Lóòótọ́, láyé àtijọ́, wọ́n a máa wádìí wárápá àti ẹ̀tẹ̀ kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, wọ́n sì lè torí rẹ̀ kọ àna. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀: oyún ti dúró, a kò wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ó sì gbóògùn. Ní Bìrìtéènì, bí oyún bá jẹ́ àkọ́kọ́, tí ìyá obìnrin náà sì ti ní àìsàn yìí rí, àmì méjèèjì tó kí dókítà gbà á níyànjú láti máa lo aspirin kékeré lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ìdánwò oògùn kan tí wọ́n pè ní ASPRE fi hàn lọ́dún 2017 pé láàárín àwọn tí ewu wọn ga, aspirin dín irú rẹ̀ tó ń mú kí wọ́n gbẹ̀bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 kù ní ìdá 62 nínú 100. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá rà ní kẹ́mísì. Ẹni tó dúró kí ikùn yọ kó tó forúkọ sílẹ̀ sì lè pàdánù àkókò rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in kò ní ìtàn rẹ̀ ní ìdílé kankan, nítorí náà ìbéèrè kò lè rọ́pò yíyẹ ìfúnpá wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá. Àmọ́ ohun tó ti dé ni ẹ̀rọ ìfúnpá ń sọ. Ìtàn ìdílé lè ta wá lólobó nígbà tí aspirin ṣì wúlò, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Kí ọkọ bi ìyá rẹ̀ pé: "Màámi, nígbà tí ẹ lóyún mi, ṣé ìfúnpá yín ga? Ṣé gìrì ṣe yín? Ṣé wọ́n tètè gbẹ̀bí mi?" Kí nọ́ọ̀sì sì kọ èsì náà sínú káàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá ìyàwó.