Ikùn Ọmọ Ènìyàn àti Ọ̀nà Tí Òkèlè Ń Tọ̀

Ẹni tó bá gba títì àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tó sì kan Fìdítì ní àkókò tí ọsàn pọ́n, kò ní ṣàì rí àwọn ìyá tó to ọsàn jọ gègèrè sí etí títì, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ tó mú bó o yípo-yípo, tí èèpo rẹ̀ ń fà gbọọrọ wálẹ̀ láìjá, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀wù funfun abẹ́ èèpo náà sílẹ̀ lára rẹ̀ kí omi rẹ̀ má baà tú jáde. Bí onítọ̀hún bá sì rìn síwájú dé Ìlọrà nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, tó yà sílé olóúnjẹ, àmàlà tó ń rú èéfín ni yóò pàdé, tí ewédú àti gbẹ̀gìrì dà lé lórí, tí ọbẹ̀ ata tẹ̀ lé wọn, tí ẹran àti ṣàkì sì jókòó sí àárín wọn. Gbogbo wa la mọ bí a ti ń yin ọwọ́ tó se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣan ọwọ́, tí a mu omi lé e, ó di ìgbàgbé, àfi bí ẹni pé oúnjẹ náà ti dé ibi tó ń lọ. Kò tíì dé ibì kankan. Ọ̀nà tó wà níwájú òkèlè, láti ẹnu títí dé ibi tí ìyókù rẹ̀ yóò ti jáde, tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án nínú àgbàlagbà, ó sì lè gbà á ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó rin ọ̀nà náà já.

Inú ẹran ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ bí inú ti rí. Ẹni tó bá dúró ti alápatà nígbà tó ń la ikùn ewúrẹ́ yóò rí i pé ọ̀rá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ yọ, tó bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agbẹ̀du ńlá tí a ó fọ̀ di ṣàkì, tí koríko tí ẹran náà jẹ kẹ́yìn ṣì kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìfun tó lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Lókè pátápátá, lábẹ́ ìhà, ni ẹ̀dọ̀ wà, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí àpò òróòro aláwọ̀ ewé sì so rọ̀ mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ọ̀gá láàárín àwọn alápatà. Kò ní sáré. Ìka méjì ni yóò fi dí ọrùn àpò náà, yóò gé e pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lára, yóò sì sọ ọ́ nù sí ọ̀nà jíjìn, nítorí bí òróòro bá bẹ́ sí ẹran lára, kò sí ata tàbí iyọ̀ tó lè tún ọbẹ̀ náà ṣe.

Àwọn ohun wọ̀nyí náà ló wà nínú ọmọ ènìyàn, àfi ìyàtọ̀ ńlá kan. Yàrá mẹ́rin ni agbẹ̀du ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ní, èyí tí wọ́n fi lè gbé koríko mì láìrún, kí wọ́n wá wá abẹ́ igi kan dùbúlẹ̀ sí, kí wọ́n pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, kí wọ́n sì máa jẹ àpọjẹ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni Elédùmarè fún ọmọ ènìyàn. Ohun tí a bá ti gbé mì, a kò lè pè é padà wá rún, bí kò ṣe pé àìsàn mú wa bì. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹnu ni ó yẹ kí a ti bọ̀wọ̀ fún oúnjẹ jù lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni a kì í ti í fún un láyè.

Eyín 32 ló wà lẹ́nu àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé, 20 sì ni ti ọmọdé kó tó pààrọ̀ wọn. Àwọn ti iwájú ń gé, àwọn tó ṣóńṣó ní igun ń fa ẹran ya, àwọn tó fẹ̀ lẹ́yìn ń lọ̀. Itọ́ tó ń sun sí wa lẹ́nu lóòjọ́ tó lítà kan sí lítà kan àbọ̀, kì í sì í ṣe omi lásán: èròjà kan wà nínú rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù, tó ń sọ ìyẹ̀fun inú oúnjẹ di ṣúgà. Ẹni tó bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ yìí wò, kó bu iṣu sísè díẹ̀ sẹ́nu láìfi ohunkóhun jẹ ẹ́, kó rún un pẹ́, kó má tètè gbé e mì. Yóò rí i pé adùn kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Àlejò a máa bi wá pé báwo ni àwa ará Ọ̀yọ́ ṣe ń gbé òkèlè mì láìrún. Èmi kò rí ẹ̀bi níbẹ̀. Iṣẹ́ eyín ni odó, ọlọ àti iná ti bá wa ṣe sílẹ̀: iṣu tí a bó, tí a bọ̀, tí a sá gbẹ, tí a lọ̀ di èlùbọ́, tí a sì tún rò lórí iná di àmàlà, kí ló kù níbẹ̀ tí eyín yóò fọ́? Ewédú ń sìn ín gba ọ̀fun kọjá, ìfun kékeré yóò sì ṣe èyí tí itọ́ kò ráyè ṣe. Ṣùgbọ́n ti ẹran, ṣàkì, àgbàdo, ẹ̀pà àti ọsàn yàtọ̀. Ẹni tó bá fi ìyára òkèlè bá ṣàkì lò, ikùn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà lóru.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni àwọn àgbà wí. Olójúkòkòrò ni wọ́n fi ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì bá bí ara ti rí mu, nítorí ihò méjì ló wà nísàlẹ̀ ọ̀fun: ti iwájú ni èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ti ẹ̀yìn ni oúnjẹ ń gbà. Ẹran pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Bí a bá fẹ́ gbé nǹkan mì, gògóńgò á sọ sókè, ẹran náà á bo ọ̀nà èémí, òkèlè á sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń rojọ́ tẹnu-tòkèlè ń ṣí ohun tó yẹ kó wà ní títì, ìdí sì nìyẹn tí oúnjẹ fi ń pá ni lórí, tí àwọn ìyá wa kì í fi í gbà kí ọmọ máa sọ̀rọ̀ nídìí àwo.

Láti ibí lọ, àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀nà oúnjẹ, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, ń fún ara rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì ń ti òkèlè síwájú, débi pé ẹni tó bá dorí kodò tó sì gbé nǹkan mì, inú ikùn náà ni yóò lọ. A kò lè ní kó yára, a kò lè ní kó dúró. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde ni a ó tó rí àṣẹ díẹ̀ gbà padà.

Àpòlúkù ló ń gbà á lálejò, àpòlúkù a-gbà-tutù-gbà-gbígbóná, a-ṣiṣẹ́-lóru-bí-ẹni-ṣiṣẹ́-lọ́sàn-án. Lókè, lápá òsì, lábẹ́ ìhà ló wà, kì í ṣe ní ìdodo níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọwọ́ lé bí inú bá ń run wọ́n. Ó ń po oúnjẹ, ó ń rò ó, ó sì ń tú omi kíkan sí i, ásíìdì tó le débi pé ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó bá oúnjẹ wọlé ni yóò kú níbẹ̀. Ẹran sì ni ikùn fúnra rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ásíìdì náà jẹ ẹ́ ni pé ohun yíyọ̀ kan tó nípọn ló fi kun ara rẹ̀ nínú, awọ inú rẹ̀ a sì máa di tuntun láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀dá kan ló jẹ́ kí aráyé fojú rí iṣẹ́ yìí. Ní 1822, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Alexis St. Martin, níkùn. William Beaumont, dókítà àwọn ológun tó tọ́jú rẹ̀, kò rò pé ilẹ̀ yóò mọ́ bá a. Ó yè, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà kò dí mọ́, ihò kan ṣẹ́ kù tí wọ́n lè gbà wo inú ikùn rẹ̀. Fún ọdún mélòó kan ni dókítà náà fi ń so ẹ̀já ẹran mọ́ òwú, tó ń tì í wọ inú ihò yìí, tó ń fà á jáde láti wo ibi tó yó dé, ìwé tó kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1833. Ara ohun tó rí ni pé bí inú bá bí St. Martin, iṣẹ́ ikùn rẹ̀ a dàrú. Ìmọ̀ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n àánú ọkùnrin náà ń ṣe mí, tó jẹ́ pé àìní ló so ó mọ́ ẹni tó ń fi òwú wádìí inú rẹ̀.

Ní ti ọgbẹ́ inú, tí wọ́n ń pè ní ọ́lísà káàkiri ọjà, ebi ni a ti ń dá lẹ́bi fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1982, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, àwọn dókítà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, rí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ikùn láìfi ti ásíìdì ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà á gbọ́ pé òun ló ń dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1984, Marshall gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, ó mu ún. Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi ṣàìsàn, tó ń bì, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò náà ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2005. Ohun kejì tó ń dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀ ni irú oògùn ara ríro kan tí àgbẹ̀ ń rà ní páálí-páálí lẹ́yìn ebè kíkọ, tó ń lò lójoojúmọ́ láìjẹun àti láìbéèrè. Ebi lè mú kí ọgbẹ́ náà ro ni, kì í ṣe òun ló dá a.

Lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́rin, oúnjẹ tó ti yó di omi ọbẹ̀ yóò máa kán wọ inú ìfun kékeré, níbi tí iṣẹ́ gidi wà. Kékeré tí a ń pè é, tín-ínrín rẹ̀ ni a rò. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Bí a bá fọwọ́ pa aṣọ àrán, a ó mọ̀ pé òwú kéékèèké àìníye ló dìde dúró lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni inú ìfun yìí rí, àwọn irun ẹran náà ló sì ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Òróòro tí alápatà ń sọ nù bí ọ̀tá, òun gan-an ni ara kò gbọdọ̀ ṣaláìní níbí. Ẹ̀dọ̀, tó wúwo tó nǹkan bíi kílò kan àbọ̀, ló ń ṣe é, àpò rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, bí epo bá sì ti dé inú ìfun, òróòro á tú u sí wẹ́wẹ́ kí ara lè rí i lò. Lẹ́yìn àpòlúkù, ẹran gígùn pẹlẹbẹ kan tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríàsì ń fi omi tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Òun náà ló ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bó bá wọ́n, àrùn ìtọ̀ ṣúgà dé. Ohun tí ìfun bá fà, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó tàn ká ara. Ògógóró àti àgbo tí a kò fi ìwọ̀n mu, ojú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ lù.

Ìfun ńlá kò ju mítà kan àbọ̀ lọ, omi ni ó sì ń fà padà. Omi tí a mu àti èyí tí ara fúnra rẹ̀ tú sínú ìfun lóòjọ́ tó nǹkan bíi lítà mẹ́sàn-án, síbẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bá ìgbẹ́ jáde, torí pé ìfun méjèèjì ti gba ìyókù. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọwọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru mú, tí iṣẹ́ yìí dàrú fún: láàárín ọjọ́ kan ojú rẹ̀ á jìn, àwùjẹ̀ rẹ̀ á wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, ja ìjà kíkan kí àwọn ìyá lè mọ omi iyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí ìpo-tíì mẹ́fà ṣúgà, àbọ̀ ṣíbí náà ní iyọ̀, kí ṣíbí má ga, kí ọmọ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyàgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ti wà láyé lónìí nítorí ṣíbí iyọ̀ yẹn kò lóǹkà.

Inú ìfun ńlá yìí kan náà ni ẹ̀wù funfun ọsàn Fìdítì wúlò sí. Ikùn wa kò lè dà á, bẹ́ẹ̀ ni kò lè da ìhóhò ẹ̀wà tàbí okùn inú ẹ̀fọ́. Wọ́n ń lọ tààrà dé ìfun ńlá, wọ́n ń fa omi mọ́ra, ìgbẹ́ á rọ̀, á sì tètè rìn. Denis Burkitt, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ló pariwo rẹ̀ fún aráyé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn pé àwọn ará oko Áfíríkà tó ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní àpẹ́ńdíìsì àti àwọn àrùn ìfun tó ń pọ́n àwọn Òyìnbó lójú. Nítorí náà, ẹni tó fa omi ọsàn mu tó sì ju ìyókù nù ti fi ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní etí títì. Ní etí títì kan náà ni wọ́n ti ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n ń fi adùn ṣúgà dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣúgà kọ́ ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Ìgbẹ́ líle tí a ń fi agbára tì, ìjókòó pípẹ́ àti oyún ló ń mú iṣan ìdí wú, ẹ̀fọ́, èso àti omi mímu ló sì ń dènà rẹ̀ ju ìgò àgbo lọ.

Ojú ń ti wa láti wo ohun tó jáde, bẹ́ẹ̀ dókítà tó bá mọṣẹ́ yóò béèrè rẹ̀. Ìgbẹ́ tó dúdú, tó ń fà bí ọ̀dà, tí kì í sì í ṣe pé ẹni náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lókè ni, nínú àpòlúkù tàbí lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa gbòò sábà máa ń ti ìsàlẹ̀ wá, ìdí rẹ̀ sì lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìgbẹ́ tó funfun bí ẹ̀kọ, tí ojú pọ́n, tí ìtọ̀ sì dúdú, òróòro ni kò rí ọ̀nà wọ ìfun mọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ọjà. Láti Fìdítì dé ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, tó ti ń gba aláìsàn láti 1957, kò jìnnà.