Lẹ́yìn Ojúde Ọba, Iṣẹ́ Wo Ló Kù Fẹ́ṣin?

Gbogbo wa la rí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ọdún 2024. Ohun tí àwọn kan ò mọ̀ ni pé ọkùnrin náà ti sọ ní gbangba pé àrùn jẹjẹrẹ ti ń bá òun fínra láti bí ọdún mẹ́wàá. Mi ò ní ẹṣin ló wò ó sàn o! Àmọ́ ẹ tún fọ́tò yẹn wò: ara ọkùnrin náà yá gágá.

Níbòmíràn, wọ́n ti sọ ẹṣin gígùn di ìtọ́jú. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlu Lis Hartel, ọmọ ilẹ̀ Denmark, lọ́dún 1944, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ láti orúnkún wálẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e gun ẹṣin, síbẹ̀ ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní Òlíńpíìkì Helsinki lọ́dún 1952. Ìtàn rẹ̀ wà lára ohun tó mú káwọn èèyàn máa fi ẹṣin ran àwọn ọmọ tí ara wọn ò le lọ́wọ́. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìbàdí ẹni tó jókòó lé e á máa mì bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn. Iṣan ẹ̀yìn ọmọ tí ò rìn rí á máa ṣiṣẹ́ láìmọ̀. Ayọ̀ ọmọ tó wà lókè, tó ń wo àgbà nílẹ̀, tún wá ńkọ́?

Ẹ wá wo Ìjẹ̀bú-Òde wa. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun, bíi ti Balógun Kúkú, á kó ẹṣin wá síwájú Awùjalẹ̀. Ìbọn ń ró, ìlù ń dún, ẹṣin ò sì bẹ́ sígbó. Àwọn tó kọ́ ẹranko débẹ̀ yẹn mọṣẹ́. Kí ló dé tí ìmọ̀ yẹn á fi parí sórí Instagram? Ẹṣin tó ń jó kọ́ ni mo ń wá fọ́mọ o. Èyí tó lè dúró jẹ́ẹ́, tọ́mọ á fọwọ́ pa lára, ni.

Mo kọ́ òfin, torí náà ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé: bọ́mọ bá já bọ́ ńkọ́? Físíò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, akoto lórí ọmọ, èèyàn kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, àdéhùn sínú ìwé. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2019, síbẹ̀ àwọn ìyá kan ṣì ń fi ọmọ wọn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn torí ẹnu ayé. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń rán aṣọ olówó ńlá lọ́dọọdún lè san owó ọjọ́ Sátidé kan lóṣù: ẹṣin mẹ́ta, pápá kan, físíò kan. Mo ṣe tán láti bá ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ ìwé àdéhùn náà lọ́fẹ̀ẹ́.