Àṣẹ Títẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Fóònù Circle

Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá bàjẹ́ ní Accra, Circle ni wọ́n sábà máa ń ní kó gbé e lọ. Ní agbègbè tí wọ́n fi orúkọ Kwame Nkrumah pè yìí, ṣọ́ọ̀bù fóònù tò lọ bẹẹrẹ, èyí tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń tún un ṣe. Ọwọ́ tó ń tú fóònù palẹ̀ la máa ń rí, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé sọ́fítíwià ló dàrú, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń so ó mọ́. Google fúnra rẹ̀ ti fi irinṣẹ́ méjì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún Android, adb àti fastboot, méjèèjì kò sì ní bọ́tìnì kankan: títẹ̀ la ń tẹ àṣẹ fún wọn. Tẹ adb devices, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó wà lẹ́nu wáyà á jáde. Tẹ adb shell getprop ro.product.model, fóònù á sọ irú èyí tí òun jẹ́. Èrò tèmi ni pé ṣọ́ọ̀bù tó bá ń lo irú àṣẹ wọ̀nyí lójoojúmọ́ á jèrè tó bá kó wọn jọ sínú ètò kékeré tirẹ̀, tí wọ́n fi framework tí kò wúwo kọ.

Framework ni iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, kí ẹni tó ń kọ ètò lè gbájú mọ́ ohun tó kàn án gan-an. Nínú èdè Python, Click wà lára èyí tó gbajúmọ̀. Armin Ronacher, ọmọ orílẹ̀-èdè Austria, ló gbé e jáde lọ́dún 2014. Nǹkan bí 100 kilobyte ni, lórí Linux kò sì nílò àfikún kankan yàtọ̀ sí Python fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò á kọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe bó ṣe máa ń kọ ọ́, á wá fi ìlà kan tàbí méjì lé e lórí. Click á gba ohun tí wọ́n bá tẹ̀, á kọ èyí tí kò bá bójú mu, á sì to àlàyé jáde fún ẹni tó bá tẹ --help. Ẹ wo fastboot flashing unlock. Àṣẹ ọlọ́rọ̀ mẹ́ta yìí máa ń pa gbogbo ohun tí oníbàárà kó sórí fóònù rẹ́: fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ohùn ìyá tó ti dolóògbé, gbogbo rẹ̀ pátá. Nínú ètò ṣọ́ọ̀bù, ìlà click.confirm kan ṣoṣo tó láti kọ́kọ́ béèrè: “Ṣé oníbàárà ti gbà kí gbogbo nǹkan rẹ̀ lọ? [y/N]” Tí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bá kàn tẹ Enter láìkà á, rárá ni Click máa kà á sí. Fi ìlà díẹ̀ kún un, ètò á máa kọ déètì, irú fóònù àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú fáìlì. Ní ọjà tí wọn kì í yé fura sí fóònù olè, ẹni tó ń tún un ṣe ni àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ò kàn to àwọn àṣẹ náà sínú fáìlì shell, ká má dààmú framework rárá. Ó ṣeé ṣe, ó sì yá. Àmọ́ shell kì í janpata lórí àlàfo. Ní January 2015, ariwo ta láàárín àwọn tó ń lo Steam, ètò géèmù, lórí Linux, pé fáìlì shell kan tó bá a wá lè pa ohun ìní wọn rẹ́. Ìlà tó dá a sílẹ̀ ni rm -rf "$STEAMROOT/"*. Tí STEAMROOT, orúkọ tó yẹ kó tọ́ka sí ibi tí Steam wà, bá ṣófo, ohun tó kù ni /*, ìyẹn gbogbo ohun tí ẹni náà láṣẹ lé lórí nínú kọ̀ǹpútà. Mi ò ní sọ pé Click nìkan ì bá dènà rẹ̀, nítorí ètò fúnra rẹ̀ ló ṣírò ibẹ̀ ní àṣìṣe, kì í ṣe ẹni tó tẹ àṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún Click pé dandan ni, tí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn, á sì sọ ohun tó kù.

Ẹlòmíràn á gba òdìkejì: tó bá jẹ́ framework náà ni, ẹ jẹ́ ká kúkú lo èyí tó ní ohun gbogbo. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lẹ́bàá Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì Ghana àti Nàìjíríà sì di ìdákúrekú. Tí framework bẹ́ẹ̀ bá gbọ́dọ̀ wọ́ àfikún rẹpẹtẹ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tí a fi kọ kò ṣeé gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Wáyà ò sì ní láti já. Ní March 2016, Azer Koçulu yọ left-pad, tí kò ju ìlà 11 lọ, kúrò níbi tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti ń mú àfikún, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ̀ rárá pé àwọn ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn èèyàn wa kò fẹ́ràn títẹ̀ kò wọ̀ mí létí. *170# ni wọ́n ń tẹ̀ fún MoMo MTN ní Ghana, ìyá aláta tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí sì ń tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, *170# máa ń to nǹkan síwájú ẹni kó mú, àṣẹ kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe oníbàárà. Kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló bá mu: ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ka mẹ́ta tó fẹ́ máa rí ọjà ara wọn, ètò orí wẹ́ẹ̀bù ni kí wọ́n wá. Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti Python: Windows kì í bá a wá, fífi í sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù a sì máa fa wàhálà. Ẹni tí ìyẹn bá ń yọ lẹ́nu lè fi èdè Go kọ ọ́, kó lo Cobra, tí wọ́n fi kọ kubectl àti irinṣẹ́ àṣẹ títẹ̀ ti GitHub. Fáìlì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà máa já sí, èèyàn á sì fi flash gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.